Bí Ẹ Ṣe Lè Tajà Lẹ́nu Gèètì Bárékè, Kówó Yín Má Bá Sójà Lọ

Òru ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, lọ́dún 2014. Ìró ọkọ̀ akẹ́rù ló jí mi. Ilé tí mo ń gbé l'Ọ̀jọ́ọ̀ ò jìnnà sí títì, ó sì ti pẹ́ tí mo ti mọ ìró ọkọ̀ sójà yàtọ̀ sí ti àwọn oníyẹ̀pẹ̀. Mo ka mẹ́rìnlá kí n tó padà sùn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo gbé ìkòkò kaná, mo ṣí ìsọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó máa ń tò síwájú mi láago mẹ́wàá ò yọjú. Ọmọ kan tó ń kiri omi ló wá sọ fún mi pé, "Màmí, wọ́n ti kó wọn lọ sí Màídúgùrí." Mo ṣí ìwé àwìn mi. Èèyàn 31 ló jẹ mí lówó, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦86,400. Owó ìrẹsì wà níbẹ̀, owó ẹran wà níbẹ̀, owó iléèwé ọmọ mi àgbà náà wà níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ti bá ọkọ̀ mẹ́rìnlá lọ sókè ọya.

Láti ọdún 2006 ni mo ti ń ta oúnjẹ fún sójà n'Ìbàdàn, lẹ́nu gèètì bárékè ńlá tó wà ní Odogbo, l'Ọ̀jọ́ọ̀, èyí tí wọ́n fi orúkọ Adékúnlé Fájuyì sọ. Ibẹ̀ ni olú iléeṣẹ́ ẹ̀ka kejì àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Nàìjíríà wà, tí àwọn sójà ń pè ní 2 Div. Lóṣù tó kọjá, àwọn ọmọbìnrin méjì wá jókòó síwájú mi, wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá bárékè, torí pé owó oṣù sójà kì í kùnà. Wọn ò parọ́, owó oṣù sójà máa ń wọlé. Ṣùgbọ́n àṣẹ ló ń gbé sójà dìde, àṣẹ ló ń mú un jókòó. Ẹni tẹ́ ẹ bu oúnjẹ fún lónìí lè sun Sókótó lọ́la, kì í sì í ṣe pé ó sá fún yín. Ohun tí mo fi wákàtí mẹ́ta sọ fún àwọn ọmọ náà ni mo kọ sílẹ̀ yìí, kí ẹlòmíràn tó fẹ́ ṣe irú òwò yìí lè rí i lò.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú bárékè tó wà níwájú yín

Gbogbo bárékè kọ́ ló rí bákan náà. Èyí tó bá jẹ́ olú iléeṣẹ́, bíi tiwa, ní àwọn akọ̀wé, àwọn ọ́fíìsà tó ń jókòó ti fáìlì, àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì. Bí àwọn yòókù bá lọ sójú ogun, ọ́fíìsì á ṣì máa ṣí. Èyí tó bá jẹ́ pé bàtálíọ̀nù kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ọjà rẹ̀ máa ń gbóná ju tiwa lọ, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí bàtálíọ̀nù bá gbéra, ọjà kú nìyẹn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ sójà níṣẹ́ tún yàtọ̀, bíi Depot ní Zaria fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́, tàbí Jájì tí àwọn ọ́fíìsà ti ń lọ kẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ ni wọ́n ń dé síbẹ̀, ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ ni wọ́n sì ń lọ. Àwìn ò bójú mu rárá níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ta gárawa, bẹ́díṣíìtì, bíírò àti ìwé ò ní wá oníbàárà tì.

N'Ìbàdàn níbí náà, bárékè Letmauk wà ní Mókọ́lá, láàárín ìgboro. Oníṣọ́ọ̀bù tó wà níbẹ̀ ní èrò tó ń kọjá tí kò mọ sójà rí. (Orúkọ ibi tí àwọn bàbá wa ti jà lógun Bóómà ni Letmauk, bí wọ́n ṣe sọ ti Apápá ní Arakan, tí wọ́n sì sọ ti Yàbá ní Myohaung. Àwọn àgbà tó ti bógun yẹn dé ò fẹ́rẹ̀ẹ́ kù mọ́, mo sì máa ń fẹ́ kí àwọn ọmọ tó ń kọjá lẹ́nu gèètì yẹn mọ ohun tí wọ́n ń pè lórúkọ.)

Torí náà, ẹ má san owó ṣọ́ọ̀bù kankan kẹ́ ẹ tó jókòó ti ọlọ́sàn tàbí ẹlẹ́pà lẹ́nu gèètì náà fún ọjọ́ méje gbáko. Ẹ mú ìwé kékeré dání. Ẹ ka àwọn tó wọ kákí lọ́tọ̀, ẹ ka àwọn obìnrin tó pọnmọ tàbí tó fà á lọ́wọ́ lọ́tọ̀, ẹ ka àwọn ọmọ iléèwé, kẹ́ ẹ sì ka àwọn àgbà ọkùnrin tó ń gun ọ̀kadà wọlé tí sójà tó ń ṣọ́ gèètì ń kí ní "ọ̀gá" láìbi wọ́n ní káàdì. Àwọn yẹn ti fẹ̀yìn tì. Ẹ kà wọ́n láàárọ̀ kùtù, ẹ kà wọ́n láago mẹ́wàá, ẹ tún kà wọ́n ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí èmi ṣe é, lẹ́yìn ìgbà tí 2014 ti nà mí lẹ́gba, mo rí i pé obìnrin àti ọmọdé tó ń kọjá níwájú mi pọ̀ ju sójà lọ. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti jókòó síbẹ̀ tí mi ò rí wọn, torí pé kákí nìkan lojú mi ń wò.

Ṣé inú lẹ fẹ́ wà ni, àbí ìta?

Ọjà inú bárékè là ń pè ní Mámì Mákẹ́ẹ̀tì. Ìtàn tó gbilẹ̀ jù láàárín àwọn sójà ni pé ara ìyá kan ni orúkọ náà ti wá, Màmí Maria Ochefu, ọmọ Ìdómà láti apá ibi tó di ìpínlẹ̀ Benue lónìí. Ìyàwó sójà ni, ó sì ń ta ohun mímu kan tó jọ kúnù nínú bárékè Abogo Largema ní Enugu, kí òmìnira tó dé. Anthony Ochefu ọkọ rẹ̀ padà di gómìnà ológun ní East Central State lọ́dún 1975. Wọ́n ní eṣinṣin tó ń bò mọ́ ọjà rẹ̀ ló jẹ́ kí wọ́n ní kó kó ìsọ̀ rẹ̀ kúrò láàárín ilé. Nígbà tí àwọn oníbàárà wá a tì, wọ́n wá àyè fún un lápá kan, àwọn obìnrin yòókù sì tẹ̀ lé e débẹ̀. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí, nítorí òfin Mámì Mákẹ́ẹ̀tì títí dòní wà nínú rẹ̀: ìdọ̀tí lè lé yín jáde, ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀gá kan ṣoṣo lè kó yín kúrò, oníbàárà tó fẹ́ràn ọwọ́ yín ló sì lè dá yín padà.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ inú, ọ̀dọ̀ alága ọjà lẹ máa kọ́kọ́ lọ, òun ni yóò mú lẹ́tà yín dé ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ bárékè. Ẹ mú fọ́tò pélébé, nọ́ḿbà NIN yín, àti orúkọ onídùúró tó ń gbé nínú bárékè lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ kí Magajíyà. Òun ni olórí àwọn ìyàwó sójà, bẹ́ ẹ bá sì fò ó dá, kò sí obìnrin tó máa rajà lọ́wọ́ yín. Èmi gbé ọṣẹ àti ìrèké lọ kí tiwa nígbà yẹn. Ó gba ìrèké, ó dá ọṣẹ padà, ó ní kí n máa fi fọ abọ́ àwọn ọmọ òun. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lágbọ̀ọ́yé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́dún 2017 rèé. Ọ̀gá tuntun kan dé, ó ní kí gbogbo ìsọ̀ onípákó di wíwó láàárín ọjọ́ méje. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni mo ti ná ₦140,000 sórí ìsọ̀ mi, mo fi páànù tuntun bò ó, mo da kọnkéré sílẹ̀. Wọn ò san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó dùn mí wọ egungun, ó sì ń dùn mí títí dòní, nítorí owó àjọ ni, mo ṣì ń dá a lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ń wó o. Láti ìgbà yẹn, ohun tí mo ní nínú bárékè ò ju ohun tí èèyàn mẹ́rin lè gbé láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú: tábìlì, agbòòrùn ńlá, bẹ́ǹṣì mẹ́ta, kúlà oúnjẹ. Ilé ìdáná, fíríìsà, àpò ìrẹsì àti gáàsì wà níta, nínú yàrá tí mo gbà lọ́wọ́ onílé, tí mo sì ní ìwé àdéhùn rẹ̀. Ìmọ̀ràn mi fún yín nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ tó ń tà wà nínú, kí ikùn òwò wà níta. Nígbà Kòrónà lọ́dún 2020, tí wọn ò jẹ́ kí aráàlú wọlé mọ́, láti ojú wíńdò yàrá yẹn ni mo ti ń ta oúnjẹ fún aládùúgbò.

Ẹ tún béèrè ohun tó wà lẹ́yìn ògiri tẹ́ ẹ fẹ́ fẹ̀yìn tì. Ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, àgbá àti ọta ìbọn tí wọ́n kó pamọ́ sí bárékè Ìkejà bú gbàmù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún èèyàn tó kú, ọ̀pọ̀ wọn ló sì jẹ́ pé inú omi kánáàlì l'Ókè-Àfá ni wọ́n kú sí níbi tí wọ́n ti ń sá lóru. Bí wọ́n bá fún yín ní àyè lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́bàá ibi tí wọ́n ń kó ohun ìjà sí, ẹ dúpẹ́, kẹ́ ẹ sì wá ibòmíràn. Ẹ fi ọ̀nà méjì tó jáde han àwọn ọmọ tó ń bá yín ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ bá wọn rìn ín.

Ọjọ́ tí mo kọ́ tùwó

Ìrẹsì, ẹ̀wà àti àmàlà ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Àmàlà mi dáa, ọmọ Ìbàdàn ni mí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wo inú ìkòkò mi ò mọ àmàlà. Ọmọ Katsina ni wọ́n, ọmọ Borno, ọmọ Benue, ọmọ Akwa Ibom. Wọ́n á wò ó, wọ́n á kí mi, wọ́n á lọ ra búrẹ́dì. Ìyàwó sájẹ́ǹtì kan, ọmọ Katsina, ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́jọ́ kan, ó fi èdè Yorùbá tí ò tíì gún régé sọ fún mi pé, "Màmí, ebi ń pa àwọn ọmọ wa. Ẹ ò ṣe tùwó." Sátidé mẹ́ta gbáko ló fi kọ́ mi.

Ìrẹsì ìbílẹ̀ tó máa ń rọ̀ lẹ máa rà. Ẹ má ra ti àpò olówó ńlá, èyí tí hóró rẹ̀ máa ń dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi omi púpọ̀ sè é títí á fi fọ́ tán, ẹ wá mú orógùn, kẹ́ ẹ máa rò ó mọ́ ara ìkòkò títí tẹ́ ẹ ò fi ní dá hóró kankan mọ̀ mọ́. Ẹ bò ó, kẹ́ ẹ jẹ́ kó sùn lórí iná kékeré. Ọbẹ̀ rẹ̀, míyàn kúkà, ló fẹ́ sùúrù. Ẹ se ẹran àti irú pọ̀ títí omi ẹran á fi dùn, ẹ dín iná kù, ẹ wá fi ọwọ́ òsì gbọn ìyẹ̀fun kúkà náà sílẹ̀ láti òkè, díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń bu iyọ̀, kẹ́ ẹ máa fi ìjábẹ̀ lù ú lọ́wọ́ ọ̀tún. Bẹ́ ẹ bá dà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó dì nìyẹn, kò sì sí ohun tó máa tú u. Sátidé àkọ́kọ́, mo da ìkòkò kan nù. Nígbà tó wá jinná tí mo tọ́ ọ wò, mo pariwo. Lúrú àwọn ará Ìlọrin ni! Ewé oṣè tó ti wà lọ́dọ̀ wa láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n ń pè ní kúkà.

Ọ̀ọ́dúnrún náírà ni mo ta abọ́ kan lọ́jọ́ Ajé àkọ́kọ́ yẹn. Abọ́ méjìlá ni mo ṣe, ó tán kí aago mẹ́wàá àbọ̀ tó lù. Ọmọ sójà kan jẹ tirẹ̀ tán, kò dìde. Ó fi ìka nu abọ́ náà yípo, ó tún nù ún, ó wá béèrè lọ́wọ́ ọmọ mi pé ta ló sè é. Nígbà tí wọ́n nàka sí mi, ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní "na gode, Mama."

Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fẹ́ tà, ẹ wádìí ohun tí àwọn tó jìnnà sílé ń ṣàárò rẹ̀. Ẹ sì kọ́ Haúsá díẹ̀, ó kéré tán kẹ́ ẹ lè kíni, kẹ́ ẹ lè dá ẹni tó ní "nawa ne?" lóhùn iye tí ọjà yín jẹ́. Èdè tí ọ̀pọ̀ sójà fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ nìyẹn, ibikíbi tí wọ́n ti wá.

Àwọn òwò mìíràn tó ń lọ níbẹ̀ ò ṣòro. Alágbàfọ̀ tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi sítáàṣì lọ kákí kó gan bíi pákó ò ní sinmi. Onífọ́tòkópì tó jí láago méje á rówó mú nígbà ìgbéga sípò. Báàbà, aránbàtà, oníPOS, gbogbo wọn ń jẹun. Télọ̀ ni mo fẹ́ kìlọ̀ fún: òfin ò gba aráàlú láyè láti wọ aṣọ sójà, torí náà ẹni tí ò bá fi káàdì iṣẹ́ hàn yín, ẹ má rán kákí fún un, ẹ má ta bájì fún un, iye yòówù kó mú wá. Ẹ má sì fi àjẹkù aṣọ náà rán ṣòkòtò fọ́mọ yín.

Ìwé àwìn

Kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ ta oúnjẹ fún sójà láìta àwìn. Ìparí oṣù lowó ń wọlé, ebi ò sì mọ ìparí oṣù. Torí náà, ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ni kẹ́ ẹ fún àwìn ní ààlà.

Ìwé mi ní ojú ìlà márùn-ún: ọjọ́, orúkọ tó wà láyà aṣọ rẹ̀, iléeṣẹ́ tó wà nínú bárékè, iye owó, àti ìbuwọ́lù tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ẹ má bá a kọ orúkọ rẹ̀. Ẹ gbé bíírò fún un. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jẹ mí ju ₦10,000 lọ, gbogbo àwìn tó wà níta lápapọ̀ ò sì gbọdọ̀ ju owó àpò ìrẹsì kan lọ. Bó bá ti débẹ̀, mo ti ìwé nìyẹn, ọ̀gá ńlá ni o, ọ̀rẹ́ ni o. Olúkúlùkù wọn ló gbọ́dọ̀ fún mi ní orúkọ ẹnì kan tí kò ní bá a lọ bí àṣẹ bá dé, ìyàwó rẹ̀ tàbí akọ̀wé kan ní ọ́fíìsì. Èyí ni mi ò ní lọ́dún 2014.

Àwọn kan wà lọ́jà tó máa ń gba káàdì ATM lọ́wọ́ sójà tó jẹ wọ́n, pẹ̀lú nọ́ḿbà àṣírí rẹ̀, wọ́n á lọ fa owó wọn yọ lọ́jọ́ tí owó bá wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Owó oúnjẹ ọmọ ẹlòmíràn lẹ dì mọ́wọ́ yẹn, bí owó kan bá sì ṣàdédé sọnù nínú àpò ìkówópamọ́ náà, ẹ̀yin ni wọ́n máa mú lọ gádírúùmù, àtìmọ́lé inú bárékè. Ohun tó dáa ni kẹ́ ẹ ní POS tiyín lórí tábìlì, kẹ́ ẹ sì wà ní ìsọ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́ lọ́jọ́ tí álẹ́ẹ̀tì bá dún. Ní oṣù kejì ọdún 2023, tí náírà di ohun àwátì, àwọn tó ń gba owó sórí fóònù nìkan ló tajà lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé owó ti wọlé sọ́dọ̀ yín kẹ́ ẹ tó fa orúkọ rẹ̀ nù. Ẹ má gba ti àwòrán tó fi hàn yín lójú fóònù tirẹ̀.

Àmì wà tí wọ́n bá fẹ́ gbéra. Wọn ò ní sọ fún yín, ẹ má sì béèrè. Ẹ máa rí i pé wọ́n ń ra sọ́ọ̀kì púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, gààrí, ṣúgà, oògùn ẹ̀fọn, bátìrì tọ́ọ̀ṣì. Ìyàwó wọn á wá bi yín bóyá ẹ mọ alájọ tó ṣeé fọkàn tán. Bẹ́ ẹ bá ti rí èyí, ẹ má ta àwìn tuntun mọ́, kẹ́ ẹ sì rọra rán àwọn tó jẹ yín létí. Ohun tẹ́ ẹ bá rí, ẹ jẹ́ kó mọ sínú yín. Ẹ má gbé e sórí Facebook, ẹ má sọ ọ́ nínú mọ́tò, ẹ má ya fọ́tò ọkọ̀ wọn. Ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ ló wà nínú ọkọ̀ yẹn.

Bí wọ́n bá ti lọ, mi ò kì í pe ẹni tó wà lójú ogun nítorí ₦2,000. Mo máa ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ kí wọn ni, mi ò sì ní dárúkọ owó. Nínú àwọn 31 yẹn, mẹ́sàn-án ti fi owó ránṣẹ́ kí ọdún tó yí po.

Ìkẹwàá ni mi ò lè gbàgbé. Kọ́púrà ni, ₦2,750 ló jẹ mí. Lọ́dún 2015, obìnrin kan wọ aṣọ dúdú wá sí ìsọ̀ mi nígbà tí ọjà ti fẹ́ tán, ó fa ọmọkùnrin kékeré kan lọ́wọ́. Ó yọ ìwé pélébé kan jáde nínú báàgì, irú èyí tí wọ́n máa ń fi sápò àyà. Omi ti wọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ti gbẹ. Ó ṣí i, ó fi ibì kan hàn mí: "Mami Ojoo 2,750." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó. Mo ní ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, mi ò ní gbà á. Ó gbé e sórí tábìlì, ó ní, "Màmá, òun ló kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bá a san án." Mo gbà á. Mo mú ìwé tèmi jáde kí n lè fa orúkọ náà nù níṣojú rẹ̀, ló bá ní kí n dúró ná. Ó gbé ìka lé ibi tí ọkọ rẹ̀ ti buwọ́ lù, kò sì gbé e kúrò fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí n fà á.

Àwọn tí kì í lọ

Lẹ́yìn èyí ni mo yí òwò mi padà. Òfin tí mo ṣe fún ara mi ni pé ìdajì owó tó ń wọlé gbọ́dọ̀ wá láti ọwọ́ ẹni tí kò wọ kákí. Lálaalẹ́, bí mo bá ka owó, mo máa ń pín in sọ́nà méjì láti wò ó.

Àwọn ìyàwó sójà ló ṣáájú. Bí ọkọ bá wà lókè ọya, ọwọ́ wọn ni owó ilé wà, àwọn ló sì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ rà: mílíìkì ọmọ, ata lílọ̀, oúnjẹ iléèwé láàárọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn fẹ́ ṣòwò, ṣùgbọ́n wọ́n ń bẹ̀rù pé tránsífà lè dé. Mo kó mẹ́fà nínú wọn jọ, à ń dá àjọ ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kì í ṣe ọlọ́dún, kí ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ní kó dìde lè kó tirẹ̀ lọ láìjẹ ẹnikẹ́ni lówó. Ọ̀kan ń ṣe kúnù fún mi, ọ̀kan ń dín kúlí-kúlí, obìnrin Katsina tó kọ́ mi ní tùwó ń bá mi ra ìrẹsì nígbà tó wà níbí.

Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ló tẹ̀ lé wọn. Àwọn sójà tó fẹ́ fẹ̀yìn tì máa ń lọ kọ́ṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà n'Íléeṣẹ́ NAFRC ní Òṣòdì: ẹja sísìn, iṣẹ́ wẹ́dà, aṣọ rírán, oúnjẹ ṣíṣe. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń kọ́lé sítòsí bárékè tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, ọ̀nà Mọ́níyà sì kún fún wọn. Ọ̀dọ̀ ọ̀kan nínú wọn ni mo ti ń ra ẹja àrọ̀. Ó máa ń wọ̀n ọ́n níṣojú mi, kì í sì í pẹ́ dé. Ẹ wá irú wọn, ẹ bá wọn dòwò pọ̀. Wọ́n mọ gbogbo èèyàn nínú bárékè, wọn ò sì tún ní gba tránsífà mọ́ láyé.

Ìlú pàápàá wà níbẹ̀. Ọjà Ṣáṣá tí tòmátò ń gbà wọ̀lú ò jìnnà sí wa, IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, wà lọ́nà Ọ̀yọ́, rélùwéè sì ti dé Mọ́níyà láti ọdún 2021. Ẹ wo ohun tó yí bárékè tiyín ká bákan náà.

Bí ọjọ́ ńlá bá dé, ẹ múra sílẹ̀ fún un: ọjọ́ 15 oṣù kìíní tí wọ́n ń rántí àwọn tó kú sógun, ọjọ́ 6 oṣù keje tó jẹ́ ọjọ́ àwọn ọmọ ogun, àti WASA, àríyá ìparí ọdún àwọn sójà. WASA ló pọ̀ jù. Olúkúlùkù ìran á jó ijó ìlú wọn, wọ́n á fa okùn, wọ́n á dáná ńlá lálẹ́ láti fi sun ibi ọdún tó ń lọ. Ìkòkò mẹ́ta ni mo máa ń sè lọ́jọ́ yẹn, mi ò sì í ta àwìn kankan, torí àlejò pọ̀.

Bí sójà kan bá jẹ yín tí kò fẹ́ san, ẹ má bá a jà, ẹ má sì pe ọlọ́pàá wá ẹnu gèètì. Ẹ gbé ìwé yín lọ sí ọ́fíìsì iléeṣẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ rí RSM, sájẹ́ǹtì àgbà tó ń rí sí ìwà àwọn sójà. Ẹ kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ fi ìbuwọ́lù ọmọ rẹ̀ hàn án, kẹ́ ẹ sì dákẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ṣe é, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni mo gbowó mi. Kákí ò gbọdọ̀ dẹ́rù bà yín débi tẹ́ ẹ ò fi ní lè béèrè ohun tó jẹ́ tiyín.

Àwọn ọmọbìnrin méjì náà ti padà wá. Wọ́n jókòó ti ọlọ́sàn fún ọjọ́ méje bí mo ṣe ní kí wọ́n ṣe. Ilé ọtí ni wọ́n fẹ́ ṣí tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, àkàrà àti ògì láàárọ̀ ni wọ́n fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n máa ta ìwé àti sọ́ọ̀kì ọmọ iléèwé lọ́sàn-án. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣí i lọ́jọ́ tí owó oṣù bá wọlé. Mo ní rárá, kí wọ́n ṣí i ní ọjọ́ kẹwàá oṣù, nígbà tí owó ti tán lápò gbogbo èèyàn, tí ẹni tó fẹ́ ra àkàrà márùn-ún á ra méjì, tí ìdajì oníbàárà á máa béèrè àwìn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an. Iye tí wọ́n bá pa láàárín ọjọ́ kẹwàá sí ọjọ́ ogún ni kí wọ́n fi pinnu iye owó ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n lè san.